Ẹ Dá Wọn Lóhùn Kí Ẹlòmíì Tó Dá Wọn Lóhùn

Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, Abuja

Ọlọ́lá jùlọ,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń dé orí tábìlì yín pọ̀, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ ló ń wá nǹkan. Èmi náà ń wá nǹkan. N ò wá físà, n ò wá kọ́ńtíráàtì. Mo fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ yín àti gbogbo ẹ́ńbásì tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa dá àwọn ọmọ Nàìjíríà lóhùn lórí ìkànnì ayélujára, níbi tí gbogbo ayé ti ń gbọ́ igbe wọn. Mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nínú ìjọba pé àwọn tó ń pariwo níbẹ̀ kọ́ ló ń ba orúkọ wa jẹ́ lókè òkun. Dídákẹ́ wa ló ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ wa jù. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump kéde pé òun ti fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà ń fojú ṣọ́ lórí ọ̀rọ̀ òmìnira ẹ̀sìn. Orí Truth Social, ìkànnì tí ọkùnrin náà dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ni gbogbo wa ti kà á. Ní ọjọ́ kejì ó tún padà síbẹ̀, ó ní òun lè kó ọmọ ogun wá. Orí X ni Ààrẹ tiwa náà ti fèsì. Ní gbogbo àsìkò yìí, a ò ní aṣojú àgbà kankan ní Washington: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n ti pe àwọn aṣojú wa padà wálé, ó sì lé ní ọdún méjì kí orúkọ àwọn tuntun tó dé iwájú àwọn aṣòfin.

Láàárín wákàtí mélòó kan, ìjà ti ṣẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù. Àwọn kan ń to orúkọ abúlé tí wọ́n ti pa Kìrìsìtẹ́nì ní Benue àti Plateau lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn kan ń fi mọ́ṣáláṣí tí àwọn agbébọn ti pa olùjọsìn ní Katsina dá wọn lóhùn. Ẹni tó ní kí Trump tètè máa bọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ní kó lọ tún ilé ara rẹ̀ ṣe náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó yàn wọ́n sípò, kò sí ẹni tó ra dátà fún wọn. Síbẹ̀, ẹnu wọn ni oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ti ń gbọ́ ohun tí Nàìjíríà ń rò lọ́sẹ̀ náà. Àwọn ni aṣojú tí a ní.

Láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlàrí ni Aláàfin máa ń rán níṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Wọ́n á fá ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀, wọ́n á dá ẹ̀gbẹ́ kejì sí, kí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà ti mọ ààfin tó ti wá. Orúkọ tí ọba sọ ọ́ gan-an jẹ́ iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ìlú tó bá gbọ́ orúkọ ìlàrí tó wọlé tọ̀ ọ́ wá ti lè mọ ohun tó wà lọ́kàn Aláàfin kó tó la ẹnu. Ẹnu kan ni Ọ̀yọ́ fi ń bá ìta sọ̀rọ̀. Títí di àìpẹ́ yìí, iṣẹ́ dípúlómásì kò yàtọ̀ sí ìyẹn púpọ̀. Àwọn ọlọ́lá bíi tiyín á sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, àwa á sì gbọ́ èyí tó bá wù wọ́n kí a gbọ́ nínú ìròyìn aago mẹ́sàn-án NTA. Ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí. Àwọn ìlàrí ti pọ̀ ju orí tí ẹnikẹ́ni lè fá lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Chibok, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2014, ọ̀sẹ̀ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá kí Ààrẹ ìgbà náà tó bá ìlú sọ̀rọ̀ lé e lórí dáadáa. Àwọn bàbá ti gun ọ̀kadà wọ igbó lọ wá ọmọ wọn. Hashtag #BringBackOurGirls, tí ọmọ Nàìjíríà kan kọ́kọ́ kọ sórí Twitter (tó ń jẹ́ X lónìí), ló gbé ẹkún wọn dé White House. Ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún, Michelle Obama di páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí mú níwájú kámẹ́rà. Kí ni ìjọba wa ṣe? Ó háyà ilé-iṣẹ́ Levick ní Washington, ó fi owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀, kí wọ́n lè bá a tún orúkọ rẹ̀ ṣe lójú àwọn ará Amẹ́ríkà. Lójú tèmi, owó náà wọmi. Àwọn tó ń wọ aṣọ pupa jókòó ní Unity Fountain ní Abuja lójoojúmọ́ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ayé sì ń gbọ́ wọn ju Levick lọ. Ká ní ìjọba ti bá wọn jókòó láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ẹnu àwọn gan-an ni ayé ì bá ti gbọ́ pé ìjọba ń sapá.

Mo gbà pé hashtag ò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ìgbèkùn. Ó lé ní 80 nínú àwọn ọmọ náà tí a ò tíì fojú kàn. Ariwo lè gbé ọ̀rọ̀ dé etí ọba. Kò lè bá ọba ṣe é.

Ọdún 2020 ni ti EndSARS. SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti máa lé adigunjalè ti di ẹni tí ọmọ ilé-ìwé tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká ń sá fún. Fídíò kan láti Ughelli, ní ìpínlẹ̀ Delta, ló dá iná sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo ìlú fi gbóná: Èkó, Abuja, Benin, Ìbàdàn níbí, àti Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Ní ọjọ́ kọkànlá, ọ̀gá ọlọ́pàá kéde pé SARS ti kógbá sílé. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ń kígbe "Sọ̀rọ̀ sókè!" ní Port Harcourt. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù lọ dúró síwájú High Commission wa. Jack Dorsey tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Twitter nígbà náà fúnra rẹ̀ dá sí i, ó ní kí àwọn èèyàn dá owó. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tó ní kí ìjọba Bìrìtéènì fi ìyà jẹ àwọn aláṣẹ Nàìjíríà gba ìfọwọ́sí tó lé ní 200,000 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá, àwọn aṣòfin wọn jókòó lé e lórí ní Westminster. Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ tó dúró ní Alausa pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ló gbé Nàìjíríà dé iwájú ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè mìíràn, láì gba ọ̀dọ̀ yín kọjá.

Ibẹ̀ ni ó ti yẹ kí a sọ òótọ́, kí a sì tètè sọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ ogún oṣù kẹwàá, nígbà tí sójà dé bá àwọn olùwọ́de ní Lekki, l'Èkó, obìnrin DJ kan tí wọ́n ń pè ní DJ Switch ń gbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lórí Instagram, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú òpó àwọn ọmọ ogun wa lórí Twitter ń gbé àkọlé ìwé ìròyìn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ wọn pé irọ́ ni. Òǹtẹ̀ pupa yẹn ni gbogbo ayé kọ́kọ́ rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìjọba Nàìjíríà. Kò pẹ́, ọ̀gá ológun kan dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀, ó gbà pé sójà lọ síbẹ̀, ó sì gbà pé ọta gidi wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú èyí tí kì í pani. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n yìnbọn sí àwọn tí kò gbé ohun ìjà. Ìjọba Èkó kò fara mọ́ ohun tó kọ nípa iye àwọn tó kú. N ò ní dá ẹjọ́ yẹn lórí ìwé yìí. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tó bá ti lu òǹtẹ̀ "irọ́ ni" mọ́ ohun tí ó wá gbà níkẹyìn pé díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ọjọ́ wo ni wọn yóò tún gbà á gbọ́? Nígbà tí CNN gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá, tí ìjọba sì bínú, a ò ní ọ̀rọ̀ kankan lápò mọ́ tí ó tó ná.

Ibi tó yẹ kí a dúró sí díẹ̀ ni ti ọdún 2021, torí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ yín gan-an ni.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, Twitter yọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Buhari kọ nípa ogun abẹ́lé kúrò, ó ní ó tàpá sí ìlànà òun. Ní ọjọ́ kẹrin, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ibo ni wọ́n ti kéde rẹ̀? Orí Twitter ni. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti ojú ọ̀nà ibẹ̀ pa. Mínísítà ètò ìdájọ́ ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá ṣì ń lò ó lọ sílé ẹjọ́. NBC, àjọ tó ń mójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ní kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún yẹn kan náà ni àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Ireland àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé ìwé kan jáde pa pọ̀ pé inú àwọn kò dùn sí i. Ẹni tó jókòó sórí àga yín nígbà náà ránṣẹ́ pè wọ́n ní ọjọ́ keje. Bí ìjà àwa àti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ṣe di ìjà àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ tí à ń lọ bá nígbà ìṣòro nìyẹn, láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni kan yìn wá ní gbangba ṣá: Donald Trump, tí Twitter ti lé òun náà jáde, kí Nàìjíríà kú oríire. Ọlọ́lá, ẹni tó kí wa kú oríire ìyẹn náà ló padà wá halẹ̀ mọ́ wa láti orí ìkànnì tirẹ̀ lọ́dún 2025.

Ìjọba wá ṣí lọ sórí Koo, ìkànnì kan láti Íńdíà. N ò mọ ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa tó bá wọn lọ. Koo gan-an kógbá sílé ní oṣù keje ọdún 2024. Ọjọ́ 222 ni Twitter fi wà ní títì, títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ ìjọba kankan kò sì lè bá ayé sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láì tàpá sí àṣẹ ìjọba ara rẹ̀. Ẹ́ńbásì àwọn ẹlòmíì ní Abuja ń sọ̀rọ̀ nípa wa níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa náà ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, torí VPN, ètò tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́, wà. Ìjọba nìkan ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ń ta adìrẹ lórí Twitter. Lóṣù kẹfà yẹn, ọmọ rẹ̀ fi VPN sórí fóònù rẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò, ó jókòó ti ìkòkò aró rẹ̀, ìka rẹ̀ dúdú títí dé ọrùn ọwọ́, ó ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tó mọ́ díẹ̀ dá oníbàárà kan lóhùn. Lójú Twitter, Netherlands ló ti ń ta ọjà. Ó ní dátà tí VPN ń jẹ ju èrè ìró kan lọ lọ́sẹ̀ mìíràn. Mo bi í bóyá kò bẹ̀rù ẹjọ́ tí mínísítà ní àwọn yóò pe. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mínísítà á wá ra adìrẹ ni?"

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé títì tí wọ́n ti Twitter kò bófin mu, pé ó tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, àti pé kí ìjọba Nàìjíríà má ṣe irú rẹ̀ mọ́. Abuja ni ilé ẹjọ́ yẹn wà. Ẹ lè wakọ̀ lọ síbẹ̀ láti ọ́fíìsì yín láì jẹ́ pé òógùn bò yín.

Ṣáájú ìdájọ́ yẹn, ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Twitter. Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà ní Ternopil, ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Nọ́ńbà tí ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú wa gbé síta, tí n ò ní dárúkọ rẹ̀, ń dún, kò sí ẹni tó gbé e. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé bodè Poland. Fídíò tó fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ṣókùnkùn. A ò rí ju ẹ̀yìn bàtà àti yìnyín lọ, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dán mọ́rán sọ pé ọmọ Ukraine ni kó kọ́kọ́ kọjá. Ó ń pa fóònù, ó ń tàn án, kí bátìrì má baà kú. Àbúrò mi ń wo fídíò yẹn ní Mọ́níyà títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń wá ojú ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀yìn bàtà.

Àwọn tó kọ́kọ́ dá ọmọ náà lóhùn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, nínú ẹgbẹ́ kan lórí Telegram: wọ́n ní kí wọ́n fi bodè yẹn sílẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀nà Hungary. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé fídíò náà sórí Twitter. Irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, láti ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Ghana, ọmọ Íńdíà. Kí oṣù kejì tó parí, ọ́fíìsì Ààrẹ wa kọ ọ́ sórí Twitter pé gbogbo ẹni tó bá ń sá fún ogun ló ní ẹ̀tọ́ kan náà láti kọjá, àwọ̀ yòówù kó ní, ó sì sọ ọ́ kedere pé wọ́n ń dá àwọn ọmọ wa padà ní bodè Poland. Mínísítà ilẹ̀ òkèèrè wa bá ẹnìkejì rẹ̀ ní Ukraine sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ lórí Twitter. Lẹ́yìn náà ni mínísítà Ukraine gbé nọ́ńbà pàjáwìrì kan síta fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà àti Éṣíà, orí Twitter náà ni. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ gbé àwọn ọmọ wa láti Romania balẹ̀ sí Abuja.

Ọlọ́lá, ìyẹn ni dípúlómásì tó dáa jù tí mo rí Nàìjíríà ṣe ní ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni igbe àwọn ọmọ tí à bá máa pè ní aláriwo. Ká ní ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá ńkọ́, nígbà tí Twitter ṣì wà ní títì? Orí ẹ̀rọ wo ni Ààrẹ ì bá ti bá Poland wí? Ṣé Koo? Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kẹrin, a tún rí i ní Sudan. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì já àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí àárín aṣálẹ̀ torí owó, fídíò tí àwọn ọmọ náà ṣe nínú oòrùn ló sì jẹ́ kí ilé gbọ́.

Ṣé gbogbo ohun tó ń bẹ níbẹ̀ ló dáa? Ó tì o. Ẹ óò rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ń kọlu àwọn àjèjì ní South Africa. Ìkọlù ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fídíò tó ń fò kiri lórí WhatsApp wa ò ti South Africa wá. Ọ̀kan tó jẹ́ ti àwọn tó ń fò bọ́ láti ilé tó ń jóná, Íńdíà ni wọ́n ti yà á. Inú bí àwọn ọmọ wa, wọ́n lọ kọlu àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti South Africa wá: wọ́n kọlu Shoprite l'Èkó, wọ́n kọlu MTN l'Èkó àti n'Ìbàdàn níbí, níbi tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìjọba méjèèjì jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tó yá: Air Peace kó àwọn tó fẹ́ padà wálé, Ààrẹ Ramaphosa sì rán ikọ̀ wá sí Abuja láti tọrọ àforíjì. Àmọ́ ní ọjọ́ tí fídíò Íńdíà yẹn ń pa wá kiri, ta ni ó jáde láti sọ pé, "Èyí òótọ́, èyí irọ́, iye àwọn tí ó fara pa nìyí"? Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí ìjọba bá dákẹ́, ti gbogbo ìlú ló ń bá a dákẹ́, irọ́ á sì gba orí àga.

Ìyẹn ni n ò ṣe gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé òfin tó le ni òògùn irọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. A ti ní òfin. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 wà ńlẹ̀; wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2024, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ pé wọ́n fi gbé ẹni tó kọ nǹkan tí gómìnà kan kò fẹ́. Irú ìmúni bẹ́ẹ̀ kì í pé ọjọ́ kejì kó tó di ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù àti Washington. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú nígbà ìwọ́de oṣù kẹjọ wá sílé ẹjọ́ ní Abuja, àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú wọn, ebi sì ti pa wọ́n dé ibi pé àwọn kan ṣubú sílẹ̀ nínú kóòtù. Fídíò yẹn dé ibi gbogbo kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ààrẹ ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ṣe dáadáa. Àmọ́ ta ló bá ẹ́ńbásì wa ní òkèèrè sọ ohun tí wọn yóò sọ ní ọjọ́ mélòó kan yẹn?

Nísinsìnyí, ohun tí mo ń tọrọ.

Ẹ ṣí ojú òpó ẹ́ńbásì wa èyíkéyìí lórí X tàbí Facebook. Bí kò bá ti sùn láti ọjọ́ pípẹ́, fọ́tò àlejò ló kún ibẹ̀: ẹni báyìí wá kí ẹni báyìí, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, àsíá wà lẹ́yìn wọn. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń bèèrè pé pásípọ́ọ̀tù àwọn dà, pé àbúrò àwọn wà látìmọ́lé, pé nọ́ńbà yín kò lọ. Kò sí èsì. Ẹ fi ẹnì kan ṣoṣo síbẹ̀ ní ẹ́ńbásì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mọ èdè ọ̀dọ́, tó sì ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí Abuja. Bí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú tó wà, kó sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó parí, kódà bó bá jẹ́ pé ohun tó ní láti sọ kò ju "a ti gbọ́, a ń wádìí, nọ́ńbà tó ń lọ rèé" lọ. Kó má sọ ohun tí kò mọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá mọ ìyẹn yóò mọ bí a ṣe ń sọ òótọ́ tó korò fún ayé láì bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe é. Bìrìtéènì mọ iṣẹ́ yìí: owó ìjọba wọn ló wà lára ohun tí wọ́n fi dá BBC Yorùbá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018, lónìí ìyá ọlọ́jà ní Bódìjà ń gbọ́ ohun tó ń lọ láyé lórí Facebook láti ẹnu Lọ́ńdọ̀nù. Voice of Nigeria tiwa ń sapá, ó ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n nígbà wo ni ẹ́ńbásì wa kẹ́yìn sọ Yorùbá, tàbí Hausa, tàbí Ìgbò, fún àwọn ọmọ wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù?

Èyí tó kù wúwo jù, inú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ni ẹ óò ti ṣe é. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò tún dábàá níbẹ̀ pé kí wọ́n ti ìkànnì kan pa, torí ìwọ́de tàbí torí ìdìbò. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Ẹ mú ìdájọ́ ECOWAS dání. Ẹ rán wọn létí Ternopil. Ẹ sì bi wọ́n pé, bí a bá tì í pa lálẹ́ òní, tí ọmọ wa kan bá há sí bodè kan lọ́la, ibo ni yóò ti ké sí wa?

Mo ti fi lẹ́tà yìí sí abẹ́ ojú òpó ilé-iṣẹ́ yín lórí X. Ẹ má ṣe ìyọnu láti fi ìwé dá mi lóhùn. Èsì níbẹ̀ ti tó.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ìlú kan, Ìbàdàn.